Igi Na Ferruja àti Ẹ̀rọ Agégi Tó Sùn Pẹ́

                                        Ilé Na Ferruja,
                                        Abúlé Ighil n Tala,
                                        Òkè Tizi Ouzou.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Kaddur,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú oòrùn, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà dàbínù, ẹ kú ìyà ẹ́ńjìnnì omi. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìyá wa ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n forí kanlẹ̀ bí wọ́n bá ń kírun, àbí orí àga ni wọ́n ṣì ń jókòó sí? Ìyàwó yín ńkọ́, àti ọmọ tuntun? Mo gbọ́ pé ojú bàbá wa ló gbé wá sáyé. Mo nírètí pé kò gbé ohùn wọn náà wá, nítorí bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní sùn mọ́ nínú ilé yẹn.

Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òtútù ibí kò pa mí bí mo ṣe rò pé yóò ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ inú ìwé. Bí mo bá ṣí ìwé kẹ́mísìrì mi láàárọ̀, ojú ewé rẹ̀ á tutù bí ara àmù. Ilé ẹ̀kọ́ ń lọ bó ṣe ń lọ. Ìjókòó tó kángun sí fèrèsé ni mo ń jókòó sí, kò sì sí ẹni tó ń bá mi dù ú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n a kí mi, wọ́n a bi mí bóyá òjò ti pa mí rí ní aṣálẹ̀ wa kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n a padà sínú èdè Kabyle tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Mo ti ń gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. N kò tíì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló wà tó jẹ́ pé ohùn tí mo fi sọ pé "ẹ ṣé" fún awakọ̀ ni ohùn kan ṣoṣo tí mo lò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Ẹ lè kà á fún ìyá wa, ṣùgbọ́n kí ẹ fo ibi tí mo ti ń fa okùn ẹ̀rọ lójú gbogbo ọkùnrin abúlé.

Ẹ mọ̀ pé yàrá kò kàn mí ní ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, pé opó kan tó ń jẹ́ Ferruja ló gbà mí sílé. Na ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ obìnrin tó bá ti dàgbà níbí, Da sì ni ti ọkùnrin. Na Ferruja kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èdè Lárúbáwá la sì fi ń bá ara wa sọ ọ́. Èmi náà, ẹ mọ̀ mí. A máa ń jókòó ti ààrò láàárọ̀ bí ẹni méjì tí kò mọra tí wọ́n ń dúró de mọ́tò kan náà.

Ọkọ rẹ̀, Da Akli, ti kú kí n tó dé. Ó fi ilé sílẹ̀ fún un, ó fi ewúrẹ́ sílẹ̀, ó sì fi igi ólífì ńlá kan sílẹ̀. Igi náà kò sí lórí ilẹ̀ Na Ferruja. Igun oko Da Mokran, àbúrò Da Akli, ló wà. Ilẹ̀ ni ti Da Mokran, igi ni ti Na Ferruja. Kò sí ẹni tí èyí yà lẹ́nu ní abúlé yìí. Bàbá àwọn méjèèjì ló pín in bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ara igi yẹn ni òróró tí à ń jẹ nílé ti ń wá.

Ní báyìí, Da Mokran fẹ́ kọ́lé fún ọmọ rẹ̀, Lyes, tó fẹ́ gbéyàwó, igun oko yẹn gan-an ló sì fẹ́ kọ́ ọ sí. Ó lọ bá àwọn àgbà abúlé ní gbọ̀ngàn wọn. Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú, kò sí ẹni tó rẹ́wọ́ igi náà, pé ẹ̀ka gbígbẹ ń já lu ẹ̀wà òun, pé Na Ferruja ti pa á tì, kí wọ́n jẹ́ kí òun gé e lulẹ̀. Àwọn àgbà rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Wọ́n ní bí Na Ferruja bá rẹ́wọ́ igi rẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀wẹ̀ ọdún yìí, igi rẹ̀ ni, kí Da Mokran má tún la ẹnu lé e lórí mọ́. Bí ọ̀wẹ̀ bá kọjá tí kò ṣe é, kí Da Mokran gbé àáké tirẹ̀ wá. Jímọ̀ tó kọjá yìí ni wọ́n dá ọ̀wẹ̀ náà sí.

Ọ̀wẹ̀ ibí dà bíi tiwa nílé, àfi ohun kan. Bí àwọn èèyàn bá dé ìdí igi rẹ, ìwọ tó ni igi ni wàá kọ́kọ́ gé ẹ̀ka kan lulẹ̀, irinṣẹ́ tìrẹ ni wàá sì fi gé e, kí àwọn yòókù tó dáwọ́ lé e. Bó bá jẹ́ irinṣẹ́ ẹlòmíràn lo fi bẹ̀rẹ̀, lójú wọn, ẹni tó ni irinṣẹ́ ló tọ́jú igi. Da Mokran mọ èyí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ó yà wá kí wa, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Na Ferruja, ẹ má da ara yín láàmú nítorí ọjọ́ Jímọ̀ o. Ẹ̀rọ agégi tèmi wà nílẹ̀. Bí iná ló ń ṣe."

"Mo mọ̀ pé ó wà nílẹ̀," Na Ferruja dá a lóhùn. "Jẹ́ kó máa wà nílẹ̀."

Bó ṣe jáde ni Na Ferruja gun àkàbà lọ sí òkè àjà, ó gbé ẹ̀rọ agégi Da Akli sọ̀kalẹ̀. Aṣọ òtútù ọkọ rẹ̀, onírun àgùntàn, ni wọ́n fi wé e. Ó gbé e kalẹ̀ sí àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn rẹ̀. Ó fà á, ó fà á, ẹ̀rọ ò fọhùn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń wò ó. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe mí: ọ̀rọ̀ á ti tò sí mi lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnu ò ní ṣí. Nígbà tó jókòó láti sinmi ni mo tó sọ pé bóyá epo inú rẹ̀ ti bàjẹ́.

"O mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tún ẹ́ńjìnnì omi ṣe nílé. Èmi ni mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì dání fún un."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ti àwo oúnjẹ sí àlejò.

Ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe. Mo da epo àtijọ́ nù. Àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, ó sì ń rùn bí ọ̀dà tó ti ṣá. Na Ferruja ra bẹntiróòlù tuntun lójú ọ̀nà, mo po ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ ọn dáadáa kí n tó rọ ọ́ sínú táǹkì. Mo tú púlọ́ọ̀gì, ó dúdú bí ìdí ìkòkò kọfí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, mo fi í kan ara irin, mo ní kí Na Ferruja fa okùn, ó ṣẹ́ná. Mo ṣí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ìyẹ̀fun igi ti di asẹ́ rẹ̀ pa bí ògiri. Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò títí ó fi gbẹ. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo fà á, ó gbó. Mo tún fà á, ó dúró lórí iná, ó ń kùn.

Na Ferruja kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó lọ gbé kọfí wá.

Ayọ̀ yẹn kò pẹ́. Bí mo ṣe tẹ iná fún un, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ṣéènì rẹ̀ wọ́ díẹ̀, ó dúró, èéfín sọ, ẹ̀rọ kú. Mo rò pé bíréèkì ṣéènì ló há. Mo tú bíréèkì náà sílẹ̀, mo tún dá a, nǹkan kan náà ló ṣe. Bí n kò bá tẹ iná, á máa kùn. Bí mo bá tẹ iná, á kú. Ilẹ̀ ti ń ṣú, mo sì ní ìdánwò lọ́jọ́ kejì, a fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àlàrùba tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, èmi àti Na Ferruja gbé e lọ sọ́dọ̀ Belaid, mẹkáníìkì tó wà ní ìkóríta. Belaid fi sìgá sẹ́nu, ó ní ká dá a kí òun gbọ́. Ó gbọ́ ọ. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó.

"Kabúrétọ̀ ni," ó wí. "Gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ti gbé wọn pa mọ́ pẹ̀lú epo nínú. Ẹ fi í sílẹ̀. Màá bẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí mo bá rí rọ́bà inú rẹ̀ rà ní Algiers."

"Jímọ̀ ni mò ń fẹ́ ẹ."

"Na Ferruja, ẹ̀rọ yìí ò mọ Jímọ̀. Ta ni ọmọge tó gbé e yìí?"

"Ọmọ ilé mi ni."

"Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀?"

"Bó bá rí ẹni tó yẹ ní bíbá sọ̀rọ̀."

Belaid rẹ́rìn-ín títí sìgá fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Ẹ̀yin náà ti sọ fún mi pé nínú ẹ́ńjìnnì tó bá sùn pẹ́, kabúrétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo ń wo èéfín. Kì í ṣe ẹnu sàléńsà nìkan ló ti ń jáde. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ara irin gbọọrọ tí ṣéènì ń sáré yí ká jáde, kò sì rùn bí epo mọ́tò. Ó ń rùn bí ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé páànù tó fi ń dín nǹkan lórí iná. Nígbà tí a sì ń gbé e padà bọ̀ wálé, ọwọ́ mi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe délé, mo tú nọ́ọ̀tì méjèèjì, mo yọ ìdérí, mo yọ ṣéènì àti irin rẹ̀ kúrò. Mo dá ẹ́ńjìnnì nìkan, mo tẹ iná fún un. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó mọ́ gaara, kò wúkọ́ rárá. Mo pa á kíákíá. Kabúrétọ̀ kò jẹ̀bi. Ohun tó ń so ẹ̀rọ náà lẹ́sẹ̀ wà ní ìta.

Mo gbé ṣéènì náà sókè. Ó yẹ kó wó lulẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n kò wó. Ó dúró gan-an bó ṣe wà lára irin, bí ẹni pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ohun kan tó pọ́n bí oje igi ti dì mọ́ gbogbo oríkèé rẹ̀. Mo wá ṣí táǹkì kékeré, èyí tí òróró ṣéènì ń gbé. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ òórùn yẹn. Ọrùn ìkòkò òróró tó wà nílé ìdáná ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀, níbi tí òróró ti ń kán sí tó sì ń gbẹ.

Mo bi Na Ferruja pé kí ni Da Akli máa ń rọ síbẹ̀.

"Òróró wa ni. Kí ni kó tún rọ síbẹ̀?"

Mo wá mọ̀ pé gbogbo àwọn bàbá abúlé yìí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọ́ìlì dúdú kò gbọdọ̀ kan igi tí èèyàn ń jẹun lára rẹ̀. Òróró ọdún tó kọjá, èyí tó ti kan díẹ̀, ni wọ́n ń rọ sínú ẹ̀rọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń lò ó, tuntun ń wọlé, ti àná ń fọ́n jáde. Bí ìgbà rírẹ́wọ́ igi bá parí, wọ́n á dà á nù, wọ́n á nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n àárín ìgbà rírẹ́wọ́ igi gan-an ni Da Akli kú. Ẹnì kan wé ẹ̀rọ náà sínú aṣọ rẹ̀, ó gbé e sókè àjà. Nínú ilé òkú, ta ló máa rántí pé òróró wà nínú ẹ̀rọ agégi? Ooru ẹ̀ẹ̀rùn sì ń dé bá a níbẹ̀, lábẹ́ òrùlé, ó ń gbẹ, ó ń dì.

Mo ṣàlàyé rẹ̀. Bóyá mo ṣàlàyé jù, nítorí ìwé kẹ́mísìrì ti wọ ọ̀rọ̀ náà kí n tó mọ̀. Na Ferruja gbọ́ mi tán.

"O ń sọ pé Akli ló ba ẹ̀rọ ara rẹ̀ jẹ́."

"Rárá o. Òróró ló gbẹ."

"Òróró Akli."

Ó dìde, ó lọ fún wàrà ewúrẹ́. Mo jókòó ti ṣéènì náà, mo ń ronú ilé tí mo tún lè lọ bẹ̀ fún yàrá. Ó pẹ́ níbi ewúrẹ́ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ. Nígbà tó dé, ó gbé wàrà kalẹ̀, kò wojú mi.

"Kí ló máa tú u?"

"Kí lẹ fi ń fọ ìkòkò òróró bí òróró bá gbẹ mọ́ ọn?"

"Eérú." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló wo ṣéènì. Ó dìde, ó lọ gbé agbada.

Òun fúnra rẹ̀ ló sẹ́ omi eérú náà, ó sì mú un le. A kó ṣéènì àti irin gbọọrọ sínú rẹ̀, a gbé e kaná. Mo ní kó má ṣe kan ara ẹ̀rọ, nítorí ara ẹ̀rọ kì í ṣe irin líle, omi eérú á jẹ ẹ́. Bẹntiróòlù ni mo fi ṣan táǹkì òróró. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ dà bí ògì tó dì. Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha ihò tí ṣéènì ń gbà kọjá lára irin. Omi inú agbada pọ́n, ó ń hó bí omi ọṣẹ, ọṣẹ náà ló sì ń dà. Nígbà tí Na Ferruja fi igi yọ ṣéènì jáde, ó wó, ó rọ̀ sílẹ̀ lórí igi náà bí ejò tó ti kú. A gbẹ ẹ́ níbi iná, a fi òróró pa á lójú ẹsẹ̀ kó má baà dípẹtà.

Ọ̀rọ̀ wá ku òróró tí a máa rọ sínú rẹ̀. Mo ní ká ra ọ́ìlì lọ́dọ̀ Belaid. Na Ferruja bu òróró tuntun láti inú ìkòkò rẹ̀. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti parí lọ́jọ́ Jímọ̀, a gbọ́dọ̀ dà á nù.

"Ìwọ ni wàá rán mi létí."

"Èmi ni."

"Lọ́dọọdún."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọọdún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé n kò ní wá yàrá mìíràn.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, a gbé e lọ sẹ́yìn ilé ewúrẹ́ ká dán an wò. Mo tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sílẹ̀, mo na ẹnu irin sí i, mo tẹ iná. Bí òróró bá ń dé ara ṣéènì, ó yẹ kó fa ìlà sórí bébà. Kò sí ìlà.

"Kò tọ̀," Na Ferruja wí.

Mo pa á, mo tú u, mo fi abẹ́rẹ́ tọ ihò kékeré tí òróró ń gbà jáde. Ohun líle kan bí èékánná ló jáde. Mo tún dá a. Ìlà tín-ín-rín kan fà sórí bébà, ó nípọn sí i.

"Ó ti tọ̀," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Èyí ni ẹ̀ẹ̀kíní tí mo máa rí eyín rẹ̀.

A fi gé ìtì igi gbígbẹ kan. Kò sí èéfín, kò wúkọ́. Ariwo náà dé etí Da Mokran lódìkejì ọgbà.

"Na Ferruja! Ta ló ń gé igi níbẹ̀?"

"Ewúrẹ́ ni!"

Jímọ̀ dé. Àwọn ọkùnrin ti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ti ìdí igi kan bọ́ sí òmíràn. Ìdí igi tiwa ni wọ́n dé kẹ́yìn kí wọ́n tó lọ kírun. Da Mokran gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lé èjìká. Da Lunis, tó dàgbà jù nínú wọn, fara ti ọ̀pá. Ó bi Na Ferruja pé ta ló máa bá a gé e.

"Ọwọ́ mi ò tíì kú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ibi ìdìmú rẹ̀, mo fa ṣóòkù tó ń dín afẹ́fẹ́ kù, mo fa okùn. Kò dáhùn. Mo tún fà á. Kò dáhùn. Gbogbo ojú wà lára mi, ẹ sì mọ̀ pé n kò fẹ́ràn kí ojú kan ṣoṣo pàápàá wà lára mi. Na Ferruja kò kúrò lójú kan, ó ń wo igi rẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ ní èdè wọn pé kí wọ́n lọ mú ràkúnmí wá kó bá a fà á. N kò mọ bí ẹnu mi ṣe ṣí. Mo dá a lóhùn ní èdè kan náà pé ràkúnmí náà ti dé, òun ló ń fà á lọ́wọ́.

Ẹ̀rín bú, Da Lunis rẹ́rìn-ín títí ó fi ní kí wọ́n di òun mú. Lábẹ́ ẹ̀rín yẹn ni mo ti ṣóòkù padà, mo fa okùn, ẹ̀rọ sì gbiná.

Na Ferruja ti ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ti gun orí ògiri òkúta. Mo gbé ẹ̀rọ lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó nípọn bí itan. Mo ń wo ṣéènì, mo ń retí èéfín, èéfín ò jáde. Ìyẹ̀fun igi ń dà sí mi lórí. Ẹ̀ka náà ké, ó sì wó lulẹ̀.

"Ó ti gé e," Da Lunis wí. Ẹjọ́ parí nìyẹn. Da Mokran ń wo ilẹ̀.

Àwọn yòókù gbé irinṣẹ́ wọn láti bẹ̀rẹ̀. Na Ferruja pa ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ kan sókè pé kí wọ́n dúró.

"Mokran. Ibo ni ògiri ilé Lyes máa gbà?"

Da Mokran rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ìbéèrè ni mo bi ọ́."

Da Mokran gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó rìn lọ sábẹ́ igi, ó fi gìgísẹ̀ fa ìlà sínú ilẹ̀ láti ibi òkúta kan dé ìdí ẹ̀wà rẹ̀. Gbogbo wa wo òkè. Ẹ̀ka ńlá kan na ara rẹ̀ kọjá orí ìlà náà. Kì í ṣe òkú ẹ̀ka. Ewé kún orí rẹ̀, èyí tó máa so jù lọ́dún yìí sì nìyẹn, èmi tí mo ti inú yanrìn wá pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Na Ferruja wò ó, ó ní kí n rọ òróró sí ẹ̀rọ náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló gé e. Ó pẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kó já, Da Mokran sáré sábẹ́ rẹ̀, ó fi èjìká gbé e ró kí èèpo igi má baà fàya bó bá ń wó, ó rọra bá a sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ka náà dé ilẹ̀, ojú ọ̀run là sílẹ̀ níbẹ̀, kò tóbi ju ilé kékeré kan lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn yòókù tó dáwọ́ lé iṣẹ́.

Àwọn obìnrin gbé kúsúkúsù ẹlẹ́wà wá, pẹ̀lú wàrà kíkan àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Wọ́n fà mí sí àárín wọn, wọ́n sì ń bi mí ní ìbéèrè ní èdè wọn, ìyà tí mo fi ẹnu ara mi fà nìyẹn. Da Mokran jẹun tán, ó nu ọwọ́, ó gbójú sókè.

"Na Ferruja, apá tó kù yìí náà ṣì máa na ọwọ́ dé orí ilé ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú. Èso yín á máa já lu òrùlé rẹ̀."

"Kó máa ṣà á," Na Ferruja wí, "kó máa gbé e wá fún mi."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí a délé, mo da òróró inú ẹ̀rọ nù, mo fọ ṣéènì, mo sì rọ bẹntiróòlù jáde. Ẹ bá mi wo ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà, ẹ má jẹ́ kí epo sùn sínú rẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá.

Ẹ bá mi kí ìyá wa pé mò ń jẹun, mo sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì fi ẹnu ko ọmọ náà ní iwájú orí fún mi. Ẹ kí gbogbo ará ilé kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tó ń sọ pé n kò ní lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbí. Na Ferruja ní kí n kí yín. Ó ń gbọn eruku ara aṣọ òtútù Da Akli nígbà tó bi mí bí ẹ ṣe ga tó.

Èmi ni àbúrò yín tó ń mú tọ́ọ̀ṣì dání,

Mebruka.